Ìtàn bọ́ọ̀lù àti ọ̀rẹ́ fún àwọn ọmọ CM1 àti CM2: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìkàwé, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, jọ ní ọ̀sán Sátidé fún ìwé kíkà. Ọmọ ọdún 9 sí 12 ni wọ́n. CM1 àti CM2, kíláàsì méjì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn díẹ̀ sì ti wọ sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí mo bá pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn, wọ́n á gbè orin rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣíwọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń bá délé. Ìtàn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lédè Yorùbá, mi ò tíì rí èyí tí mo lè fà lé wọn lọ́wọ́. Èyí tí a rí lédè Faransé, òkè òkun ló ti ṣẹlẹ̀, òjò dídì bo pápá, àwọn ọmọ sì ń bi mí pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo wá pinnu pé n ó kọ ọ̀kan fúnra mi. Bí ó ṣe rí nìyí: Ìdòwú àti Ráfíù jọ dàgbà ní agbo ilé kan náà, nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọn ti jẹ́ àkísà tí wọ́n fi okùn dì ni wọ́n ti jọ ń gbá a. Nígbà tí ilé-ìwé wọn fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n mú Ìdòwú, wọn ò mú Ráfíù. Ibẹ̀ ni mo bá a dé, mi ò mọ ọ̀nà tí n ó gbà lọ síwájú.

Ẹ bá mi rò ó. Báwo ni eré bọ́ọ̀lù ṣe yẹ kó pọ̀ tó nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ta ló yẹ kó borí? Báwo sì ni n ó ṣe sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tí kò ní di ìwàásù? Mo mọ àwọn ọmọ yìí. Bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú wọn á ti kúrò lára mi.

Olùkọ́ CM2, Àjàṣẹ́

Ẹ kú làákàyè, Ìyá wa. Inú mi dùn púpọ̀ sí ohun tí ẹ dáwọ́ lé yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń dúró de irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹgbẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn ọmọ wà. Ní ọgbà ilé-ìwé wa, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n gbá jù á dúró síwájú, wọ́n á máa fa ẹnìkọ̀ọ̀kan yọ. Ẹni tó kù gbẹ̀yìn mọ̀ pé òun ló kù. Á máa fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á wo ibòmíràn. Ọmọ ọdún 10 kò ní sọ fún yín pé ó dun òun. Ohun tí yóò sọ ni pé òun kò tilẹ̀ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lónìí, ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ kọ irọ́ kékeré yẹn síbẹ̀, kí ẹ má ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí ọmọ tí yóò kà á tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Mo rò pé ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ìwàásù nìyẹn: kí wọ́n rí ohun tí ọmọ náà ṣe, kí ẹ sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí àgbàlagbà bá wọn parí ìjà. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń kà fún wọn, bàbá tàbí olùkọ́ ló máa ń pe àwọn méjèèjì, tí yóò gbà wọ́n níyànjú, tí wọ́n á sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti yí ẹ̀yìn padà, ìjà náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ mí lógún. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọmọ CM2 ti ń mọ̀ ọ́n lára kó tó gbọ́ òwe náà. Tí CEP, ìdánwò ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá ti parí, ọ̀kan á wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nítòsí, èkejì á lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Kútọnu, ẹlòmíràn á lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Tí ẹ bá fi ìtàn yín sí ọdún tí wọ́n fẹ́ pínyà yẹn, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí á wúwo ju ife-ẹ̀yẹ lọ, láìjẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Gólì Ṣábẹ̀

Ìyá mi, mo kí yín láti ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀. Gólì ni mí ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ń kọ́ àwọn gólì kéékèèké báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Lórí bí eré ṣe yẹ kó pọ̀ tó: ẹ má ròyìn ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí oníròyìn rédíò. Ìlàjì eré lè kọjá nínú gbólóhùn méjì. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè gba ojú ìwé kan gbáko. Èyí tó bá kan àárín àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ni kí ẹ dúró tì: ẹni tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò gbá a fún un, ẹni tó ṣubú àti ẹni tó kọjá lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí kò bá kan àárín wọn, ẹ jẹ́ kó yí kọjá.

Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ tọ́, nítorí àwọn ọmọ yìí mọ òfin eré ju àwa àgbà lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹ́nárítì sí ìlà ilé, mítà 11 ni. Kò sí ọfusáìdì nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọwọ́ jù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Gólì kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níta àpótí rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sí òdì, ọmọ kan á pariwo, ìtàn á dúró, wọn ò ní gba èyí tó kù gbọ́ mọ́.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí: ẹ sọ Ráfíù di gólì. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kejì mú un nígbà tí ilé-ìwé tirẹ̀ kò mú un, kí Ìdòwú sì jẹ́ atamátàsé. Nígbà náà, eré fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wọn kojú ara wọn. Kí Ráfíù ní àléébù kan tí Ìdòwú nìkan mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó já láti orí kẹ̀kẹ́ nígbà kan, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wú, ó sì ti sàn tipẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tó bá gba òsì wá ti ń bà á. Mo ti rí ọ̀pọ̀ gólì tí ó ní irú ibẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọ̀rẹ́ wọn.

Kí adájọ́ wá fún ilé-ìwé Ìdòwú ní pẹ́nárítì.

Ọmọ Aláketu

Ẹ̀gbọ́n Gólì, ẹ ṣeun. Èyí ti tó mi. Ìdòwú á wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, á rántí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń jẹun, á sì gbá bọ́ọ̀lù náà sí ọ̀tún, tàbí kó tilẹ̀ gbá a síta. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwọn ọmọ, pé ọ̀rẹ́ ju góòlù lọ.

Bàbá Ìbejì, Kétu

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 jókòó tì mí bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín sókè. Ó ní kí n bá òun kọ èyí, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

«Bí Ìdòwú bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá a síta, tí mo bá jẹ́ Ráfíù, mi ò ní bá a ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ó túmọ̀ sí pé ó ń káàánú mi. Gbogbo èèyàn á sọ pé ó fi í fún mi ni. Kó gbá a síbi tó bá fẹ́. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé kó lọ sọ fún àwọn yòókù pé òsì ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mi ò tún fẹ́ kí ìyá ẹnikẹ́ni kú nínú ìtàn náà. Nínú ìwé, ìyá ọmọ kan máa ń kú ṣáá. Kí wọ́n sì jà bí a ṣe ń jà. A máa ń jà torí pé ẹnìkan rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnìkan ṣubú.»

Mi ò fi ohunkóhun kún un.

Olùkọ́ CM2, Àjàṣẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa. Ó ti bá gbogbo wa yanjú rẹ̀. Ibi tí ìtàn náà ti ń ro ọmọ lára kò sí nínú pẹ́nárítì, ó wà ní alẹ́ tó ṣáájú eré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ìdòwú tuntun yí i ká, wọ́n ní, «Ìwọ ló mọ̀ ọ́n jù, sọ ibi tí a ó gbá a sí fún wa.» Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé ni. Ó fẹ́ kí wọ́n gba tòun. Ó sì sọ ọ́.

Kò burú jáì, kò sì dára. Gbogbo ọmọ ọdún 10 ti ṣe irú rẹ̀ rí tàbí kí wọ́n ti ṣe é sí i rí.

Àbúrò wa Ọmọ Aláketu, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ, ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú ọmọ náà. Ẹni tó bá ọ díje pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún ọ.

Kóòṣì Àwọn Ọmọbìnrin, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ kí a tún ibi yìí gbé yẹ̀ wò, torí mo ti rí i tí àwọn ọmọ máa ń da ohun méjì pọ̀: kí a bá ọ̀rẹ́ díje tinútinú, àti kí a fi ìpalára tàbí àìmọ̀ rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2012, níbi eré ìje pápá tí wọ́n sá ní Burlada, nílẹ̀ Sípéènì, Abel Mutai, ọmọ Kẹ́ńyà tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Olíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà, ló wà níwájú. Ó rò pé òun ti dé òpin, ó dẹ ẹsẹ̀, òpin sì kù díẹ̀ níwájú. Iván Fernández Anaya, ọmọ Sípéènì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lè kọjá. Kò kọjá. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún un títí ó fi gba ipò kìíní. Kò bá a díje lórí àìmọ̀.

Ẹ wá wo ti ìdíje fífò sókè ní Olíńpíìkì Tokyo, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Mutaz Barshim ọmọ Qatar àti Gianmarco Tamberi ọmọ Ítálì, ọ̀rẹ́ ni wọ́n tipẹ́. Àwọn méjèèjì fò mítà 2.37 láìkọsẹ̀ kankan, àwọn méjèèjì kò rí 2.39 fò. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ìgbà tí agbára àwọn méjèèjì ti dé òpin ni Barshim tó bi adájọ́ pé ṣé wọ́n lè gba wúrà méjì, òfin sì gbà á láàyè. Mo máa ń sọ ìtàn méjèèjì yìí fún àwọn ọmọ mi tẹ̀léra, kí wọ́n fi wé ara wọn. Ariyanjiyan tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ dára ju ohunkóhun tí mo lè sọ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kejì: Ìyá wa, lẹ́yìn èyí, ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin, ẹ sì rántí pé bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni eré. Ní ilé-ìwé wa níbí, handball, bọ́ọ̀lù ọwọ́, ni púpọ̀ nínú wọn ń gbá. Ẹni 7 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Gólì nìkan ló lè tẹ ilẹ̀ inú ìlà mítà 6. Èèyàn kò gbọdọ̀ gbé bọ́ọ̀lù ju ìṣísẹ̀ 3 lọ, kò sì gbọdọ̀ dì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ìtàn ọ̀rẹ́! Ọmọ kò lè dá a gbá. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò fún, kíákíá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jà lọ́wọ́. Mo ti ní àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì ń ti ọwọ́ ọ̀kan dé ọwọ́ èkejì lórí pápá. Bí ẹ bá wo ojú wọn nígbà tí góòlù wọlé, tí wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n dì mọ́ ara wọn, ìtàn ti wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ eré tí ènìyàn ń dá ṣe, ẹ wo heptathlon, irú èyí tí Odile Ahouanwanou ọmọ orílẹ̀-èdè wa ti ṣe: eré 7 láàárín ọjọ́ 2, láti orí fífò lórí igi ìdènà dé orí ọ̀kọ̀ jíjù, tí wọ́n á fi mítà 800 parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sá èyí tó kẹ́yìn tán, gbogbo àwọn tó ti ń bá ara wọn díje láti ọjọ́ kìíní á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á yí pápá ká, wọ́n á tẹrí ba fún àwọn òǹwòran. Mo ti fi fídíò rẹ̀ han àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Ará Ìmẹ̀kọ

Mo kí gbogbo ilé láti ìhà Nàìjíríà níbí, ẹ̀yin ìbátan wa. Ọ̀rọ̀ èdè ni tèmi. Bí àwọn ọmọ Kétu ṣe ń pariwo lórí pápá, mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá wá: «Passe!» «Centre!» «But!» «Main, main!» Faransé ni gbogbo rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ìwé, á gbà pé ìwé náà tirẹ̀ ni. Kí ohùn ẹni tó ń sọ ìtàn jẹ́ Yorùbá tó já geere, kí ẹnu àwọn ọmọ sì rí bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà. Ní tiyín, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè yín. Ní tiwa, ẹ àti ọ. Mo ti rí ọmọ tó kà á ní ọ̀nà méjèèjì láìsí wàhálà, bí wọ́n bá fi hàn án ní ìgbà kan. Ẹ mú ọ̀kan kí ẹ sì dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fo àmì ohùn o. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà á kọsẹ̀ níbi tí kò bá sí àmì, bó bá sì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú ìwé kan, á pa ìwé dé.

Ọmọ Aláketu

Mo ti gbọ́ tiyín, ẹ̀yin àgbà, lórí pẹ́nárítì. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan borí. Àwọn ọmọ wa ń rí ìkùnà tó nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ayọ̀ nínú ìwé.

Gólì Ṣábẹ̀

Àbúrò mi, òótọ́ ni pé wọ́n nílò ayọ̀. Mo kàn ń sọ pé ayọ̀ kò dúró de kí èèyàn gba ife. Ní ọdún 2019, nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, Benin, ṣì jẹ́ Écureuils, kó tó di Guépards ní 2022, a lọ sí Ife Áfíríkà ní Íjíbítì. A gbá ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú Gánà, 0–0 pẹ̀lú Guinea-Bissau, 0–0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Ìdíje mẹ́ta, a kò borí ọ̀kan. Síbẹ̀ a kọjá. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Keje, a pàdé Mòrókò. Moïse Adilehou kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé, En-Nesyri dá a padà. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fún Mòrókò ní pẹ́nárítì, Ziyech gbá a, òpó gbà á! Ẹni tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà kò lè gbàgbé. Nígbà tó di pé wọ́n ń gbá pẹ́nárítì tò léra, a borí 4–1. Sẹ̀nẹ̀gà ló padà lé wa jáde, 1–0, ní ìpele tí ẹgbẹ́ 8 kù.

Ẹgbẹ́ tí kò borí ìdíje kankan láàárín àkókò eré ni. Mo sì mọ bí inú wa ṣe dùn tó ní Ṣábẹ̀. Nítorí náà ẹ lè jẹ́ kí ilé-ìwé Ìdòwú borí tàbí kí ó má borí, ìtàn náà kò ní torí ìyẹn bàjẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ á dúró dè ni bóyá Ráfíù á tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyá Ìkàwé, Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti jókòó, mo sì ti kọ ìdájì orí kan. Ìdòwú ti sọ àṣírí náà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ibi ìdíje rèé. Ẹ bá mi fi ojú ọ̀tá wò ó:

*Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba ilẹ̀ wá sí òsì Ráfíù. Ó wọlé. Ó rò pé ó ṣèèṣì ni. Nígbà tí ó tún kan ilé-ìwé wọn láti gbá a, òsì náà ni wọ́n gbá a sí, nílẹ̀ nílẹ̀. Ẹlẹ́yìn tirẹ̀ sáré ká a mọ́, ó rọra fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù padà sí i, Ráfíù sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ẹ̀kẹta wá. Òsì. Lọ́tẹ̀ yìí kò wo bọ́ọ̀lù. Ìdòwú ló wò. Ìdòwú bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Nígbà náà ni Ráfíù mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í tú àṣírí, àti pé ẹni tó bá da ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò kábàámọ̀.*

Gólì Ṣábẹ̀

Ìyá mi, okùn bàtà yẹn! Mo ka ibẹ̀, mo dìde dúró.

Ohun kan: láti ọdún 1992, bí ẹlẹgbẹ́ gólì bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù padà sí i, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbé e. Adájọ́ á fọn fèrè, wọ́n á sì gbá a láti ibẹ̀. Níbi eré àdúgbò, ẹnikẹ́ni lè má bìkítà, àmọ́ ìdíje ilé-ìwé tó ní adájọ́ ni ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́yìn náà fi orí kàn án padà. Èyí, òfin gbà kó fi ọwọ́ mú un.

Olùkọ́ CM2, Àjàṣẹ́

Ìyá wa, ẹ dá a dúró níbi «okùn bàtà tí kò tú». Gbólóhùn tó tẹ̀lé e, ẹ pa á rẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo ọmọ ti mọ̀ ọ́n ní gbólóhùn méjì ṣáájú.

Bàbá Ìbejì, Kétu

Ọmọ mi ní kí n bi yín pé kí ni Ráfíù wá ṣe. Ó ní kí ó má sunkún lórí pápá o, kó dúró títí ó fi délé.

Ìyá Ìkàwé, Kétu

Mo ti pa gbólóhùn náà rẹ́, mo sì ti jẹ́ kí ẹlẹ́yìn náà fi orí kan bọ́ọ̀lù padà. Sọ fún ọmọ wa pé kò ní sunkún lórí pápá. Á parí eré náà. Àwọn ilé-ìwé Ìdòwú ló borí, Àbúrò wa Ọmọ Aláketu, kí inú yín lè dùn, ṣùgbọ́n Ìdòwú ò ní bá wọn jó. Ọjọ́ mélòó kan á kọjá tí Ráfíù á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé-ìwé kó má baà kọjá ní ẹnu ọ̀nà Ìdòwú.

Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni bí wọ́n ṣe máa tún padà. Mi ò fẹ́ kí Ìdòwú wá bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn. Ọmọkùnrin ọdún 11 kì í bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń rò ó pé kó gbé bọ́ọ̀lù wá ní ìrọ̀lẹ́, kó ní, «Bọ́ sí ojú ilé», kó sì máa gbá a sí òsì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, títí CEP á fi dé. Ẹ̀gbọ́n Gólì, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti ṣubú sí ìhà kan? Mo fẹ́ kí ó tọ́.

Kóòṣì Àwọn Ọmọbìnrin, Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí Ráfíù kọ́kọ́ kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Kí Ìdòwú gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ní òun nìkan, kó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Nínú ẹgbẹ́ mi, ẹni tó ṣẹ̀ kì í rí ìdáríjì gbà níjọ́ kan.

Gólì Ṣábẹ̀

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró. Ọmọ náà á kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ nínà, ẹni kejì á fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù sí òsì rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì fara lé ẹ̀gbẹ́ láti mú un. Ẹ̀gbẹ́ itan àti èjìká ló yẹ kó kan ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tẹlẹ̀ bó bá ń ṣubú, torí ibẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ti ń ṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn bá mọ́ ọn lára, á wà lórí eékún. Lẹ́yìn náà, á lóṣòó. Ìgbà tó bá gbẹ̀yìn ló ń dìde dúró, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ẹsẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn dára ju ilẹ̀ líle lọ. Bí wọn ò bá ní yanrìn, kí wọ́n tẹ́ àpò ìrẹsì tí wọ́n ki koríko sínú.

Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo ìgbà tó fi jókòó àti tó fi kúnlẹ̀ yẹn, Ìdòwú náà ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó lè yí bọ́ọ̀lù sí i dáadáa. Wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó kà á fún wọn, n ó bá yín wo ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà.